Ìdí Tí Ọkọ̀ Asáré Fi Ń Ta Gìrì Nígbà Tí Ó Bá Ń Pààrọ̀ Gíà

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn tí ó ní ọkọ̀ asáré sábà máa ń mú wá, ẹ̀sùn náà sì dà bí ohun tí ó ta ko ara rẹ̀. Wọn a ní ọkọ̀ àwọn wọ́n owó púpọ̀, ó lágbára, eré rẹ̀ sì ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí ó bá ń pààrọ̀ gíà, ṣe ni ó ń ta gìrì bí ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Orí àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀ a tẹ̀ síwájú, kí wọn tó sì gbé e sókè, ẹ̀yìn àga a ti gbá wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ni pé: ṣé ọkọ̀ náà ní àìsàn ni, tàbí bí wọ́n ti dá a nìyẹn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Bí ìtagìrì náà bá jẹ́ ìwà ọkọ̀, ẹni tí ó gbé e lọ fún àtúnṣe yóò ná owó gọbọi láti wo ohun tí kò ṣàìsàn. Bí ó bá sì jẹ́ àìsàn, ẹni tí ó fi ojú ìwà wò ó yóò máa wà á lọ títí kílọ́ọ̀ṣì yóò fi jóná, tàbí tí ọkọ̀ yóò fi dá a dúró sí ojú ọ̀nà. Yàtọ̀ sí èyí, ní ojú ọ̀nà tí òjò ti rọ̀ sí, ìtagìrì kan ṣoṣo lè mú kí àwọn táyà ẹ̀yìn yọ̀, kí ọkọ̀ sì yí kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà ó tọ́ kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwà àti àìsàn, kí a sì mọ ohun tí ó fa méjèèjì.

Iṣẹ́ gíà àti ti kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láti inú ìdúró. Ó gbọ́dọ̀ máa yí kí ó tó ní agbára, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ yí kọjá. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdúró, kí ó sì lè sáré títí dé òpin agbára rẹ̀. Ẹni méjì tí ìrìn wọn kò dọ́gba ni ẹ́ńjìnnì àti táyà. Àpótí gíà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gíábọ́ọ̀sì, ni onílàjà tí ó wà láàrin wọn. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó tóbi ju ara wọn lọ ni ó wà nínú àpótí yìí. Ní gíà kìn-ín-ní, ẹ́ńjìnnì a yí ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí díẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ agbára a pọ̀, eré a sì kéré. Bí a ti ń gòkè lọ sí gíà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń dín kù tí eré sì ń pọ̀ sí i.

Kílọ́ọ̀ṣì ni ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíà. Ẹ fi ojú inú wo àwo méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan. Èkejì ni ó ń yí ọ̀pá tí ó wọ inú àpótí gíà. Nígbà tí àwo méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ra pinpin, wọ́n di ọ̀kan, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Nígbà tí a bá yà wọ́n, ẹ́ńjìnnì ń yí fún ara rẹ̀, táyà náà sì ń yí fún ara rẹ̀. A kò lè yọ gíà kan kí a sì ti òmíràn bọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ ya àwo méjèèjì, nítorí pé agbára tí ó wà lórí àwọn eyín irin kò ní jẹ́ kí wọ́n tú ara wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a ṣe nǹkan márùn-ún bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ gíà. Yóò ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Yóò yọ gíà tí ó wà níbẹ̀. Yóò ti òmíràn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà yóò rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ó ti ń tẹ iná padà. Nínú ohun márùn-ún yìí, ìkẹyìn ni ó le jù lọ. Bí ó bá tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ọkọ̀ yóò ta gìrì. Bí ó bá pẹ́ jù lórí rẹ̀, àwo méjèèjì yóò máa fi ara ha ara wọn, wọn yóò gbóná, òórùn jíjó yóò sì máa jáde. Láàrin méjèèjì ni ọgbọ́n wà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó sì ń kọ́ ọgbọ́n náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀

Ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní irú àpótí gíà yìí gan-an, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kò sí ibi tí awakọ̀ lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń yà á, ẹ̀rọ ni ó ń pa á dé, ẹ̀rọ náà ni ó sì ń yọ gíà tí ó ń ti gíà bọ̀ ọ́. Ohun tí ó kù fún awakọ̀ kò ju kí ó fi ìka fa ewé irin kékeré kan ní ẹ̀yìn àgbá ìdarí ọkọ̀ lọ. A kò gbọ́dọ̀ ṣì í mú fún ọkọ̀ ọtomátíìkì àtijọ́. Nínú ìyẹn, òróró ni ó ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ sí àpótí gíà. Òróró rọ̀, ó sì ń gba ìjà mọ́ra. Nínú èyí, irin àti àwo gbígbẹ ni wọ́n kọjú sí ara wọn.

Ibi eré ìje ni ọgbọ́n yìí ti gbajúmọ̀. Ní ọdún 1989, John Barnard, ará Ìlú Ọba, ṣe ọkọ̀ ìje kan fún ilé iṣẹ́ Ferrari ní Ítálì, èyí tí wọ́n pè ní 640. Ó ní gíà méje, ewé irin ẹ̀yìn àgbá ìdarí ni wọ́n sì fi ń pààrọ̀ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Nigel Mansell fi ọkọ̀ yìí gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje àkọ́kọ́ ọdún náà ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brasil. Lóòótọ́, nínú ọ̀pọ̀ eré ìje tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ náà bàjẹ́ kí ó tó dé ibi ìparí, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé awakọ̀ lè pààrọ̀ gíà láìmú ọwọ́ kúrò lórí àgbá ìdarí.

Nígbà tí ó di ọdún 1997, Ferrari gbé ọgbọ́n náà wọ inú ọkọ̀ tí a lè rà fún ojú títì, èyí ni 355 F1. Àkókò tí ó fi ń pààrọ̀ gíà tó ìdá 150 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì gbé ẹ̀yà kejì irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ń pè ní SMG sínú ọkọ̀ M3 wọn, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 343 tí ó sì lè yí tó ìgbà 8000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí awakọ̀ bá yan ètò tí ó yára jù lọ, ọkọ̀ yìí a pààrọ̀ gíà láàrin ìdá 80 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. M3 yìí ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ wa láti ìsinsìnyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àkókò náà ti kéré tó. Láti inú pípa ojú dé àti ṣíṣí i ni àwọn baba wa ti mú ọ̀rọ̀ náà ìṣẹ́jú. Ìdá 80 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kò tó ìdá mẹ́wàá àkókò tí ó wà láàrin lílù ọkàn kan àti òmíràn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò pààrọ̀ gíà tán kí ó tó rìn ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ. Nínú àkókò yìí ni ẹ̀rọ ní láti ṣe gbogbo nǹkan márùn-ún tí a kà sílẹ̀ lókè. Òróró tí a fún pọ̀ pẹ̀lú agbára ńlá ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà sì ni ó ń pàṣẹ fún un.

Ibi tí ìtagìrì ti ń wá

Ìtagìrì méjì ni ó wà nínú pípààrọ̀ gíà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń gbà wọ́n bí ẹyọ kan. Ti àkọ́kọ́ ń wá nígbà tí ẹ̀rọ bá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù tí ó sì ya kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń tì síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára ṣàdédé pàdánù ẹni tí ń tì í. Isaac Newton ti kọ́ ayé láti ọdún 1687 pé ohun tí ó bá ń rìn yóò máa rìn bí ó ti ń rìn títí ohun mìíràn yóò fi kàn án. Ara wa tí àga ti ń tì síwájú kò rí ohun tí ń tì í mọ́, nítorí náà ó kúrò lára àga, orí sì tẹ̀ síwájú.

Ìtagìrì kejì ni ó le jù. Ó ń wá nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá pa dé. Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Nínú M3 yìí, iye ìgbà tí ọ̀pá àkọ́kọ́ inú àpótí gíà ń yí kí ọ̀pá ìkẹyìn tó yí lẹ́ẹ̀kan nìwọ̀nyí: gíà kìn-ín-ní, 4.23, èkejì, 2.53, ìkẹta, 1.67, ìkẹrin, 1.23, ìkarùn-ún, 1.00, ìkẹfà, 0.83. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan nínú gíà kejì, tí awakọ̀ sì fẹ́ bọ́ sí ìkẹta, eré táyà kò tíì yí padà, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ní láti sọ̀ kalẹ̀ dé 6000 tí a fi 1.67 sọ di púpọ̀ tí a sì fi 2.53 pín. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3960. Èyí ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ pàdánù 2040 nínú ìyípo rẹ̀, kí ó sì pàdánù rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n irin wúwo tí ń yí kì í ṣàdédé dẹwọ́. Bí a bá dá a dá ara rẹ̀, ó ní àkókò tí yóò fi rọlẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá ní sùúrù láti dúró dè é, kílọ́ọ̀ṣì a pa dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí kíkankíkan tí ọ̀pá àpótí gíà sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwo tí ń sáré gbá àwo tí ń rọra mú, gbogbo agbára tí ó wà nínú irin ẹ́ńjìnnì sì da ara rẹ̀ lé ọ̀pá, láti orí ọ̀pá dé táyà, láti ara táyà dé ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó. Èyí ni gbì tí a ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì pàápàá jókòó lórí rọ́bà, àwọn eyín irin sì ní àyè díẹ̀ láàrin ara wọn; gbogbo rọ́bà àti àyè wọ̀nyí a fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì tún ta padà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ mìíràn fi ń mì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn gbígbá kan ṣoṣo.

Ìṣirò yìí kan náà ni yóò fi hàn wá ìdí tí àwọn gíà ìsàlẹ̀ fi ń ta gìrì ju ti òkè lọ. Láti gíà kìn-ín-ní sí èkejì, ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 6000 ní láti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 3590, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2410. Láti ìkarùn-ún sí ìkẹfà, yóò sọ̀ kalẹ̀ dé 4980, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 1020 lọ. Kò tán síbẹ̀. Agbára tí kílọ́ọ̀ṣì bá fi gbá ọ̀pá, gíà yóò tún sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó tó dé táyà: ìlọ́po 2.53 nínú gíà kejì, ìlọ́po 0.83 péré nínú ìkẹfà. Bí gbígbá náà bá rí bákan náà ní kílọ́ọ̀ṣì, yóò dé táyà ní ìlọ́po mẹ́ta nínú gíà kejì ju bí yóò ti dé e nínú ìkẹfà lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, èéṣe tí wọn kò fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó máa rọra pa kílọ́ọ̀ṣì dé? Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ètò tí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá pẹ́ kí ó tó pa dé, àkókò tí ọkọ̀ wà láìní agbára náà á gùn sí i, ìtagìrì àkọ́kọ́ a sì di ìmíkanlẹ̀: ọkọ̀ a máa tẹrí ba bí ẹni tí oorun ń kùn. Kílọ́ọ̀ṣì náà yóò sì máa ha ara, yóò máa jẹ. Bí a bá sá fún èkínní, a bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì kan ni ó wà, kò sí bí a ti lè ṣe é tí kò fi ní sí àkókò kan tí agbára kò dé ọ̀dọ̀ táyà rárá.

Ohun mìíràn ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ èrò ọkàn awakọ̀. Ènìyàn tí ń wa ọkọ̀ rí òkè tí ó wà níwájú, ó mọ̀ pé òun fẹ́ dúró ní oríta, ó sì mọ̀ pé ìyá arúgbó ni ó jókòó sẹ́yìn òun. Kí ó tó pààrọ̀ gíà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ iye ìyípo, ó mọ eré táyà, ó mọ bí a ti tẹ iná tó; ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo ìpinnu sílẹ̀ fún un, ó lè pààrọ̀ gíà nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì wà lórí iná pátápátá, tí ara wa kò sì retí rẹ̀. Ìtagìrì tí a kò retí ni ó ń le jù lára. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé irú ọkọ̀ yìí burú nígbà tí ó bá ń pààrọ̀ gíà fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó sàn nígbà tí ìka awakọ̀ bá ń pàṣẹ fún un.

Bí a ṣe lè mọ ìwà yàtọ̀ sí àìsàn

Ìtagìrì tí ó jẹ́ ìwà ọkọ̀ ní àmì tirẹ̀. Ó máa ń wà láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti wà ní titun. Ó máa ń le nígbà tí a bá yan ètò tí ó yára, a sì máa rọ̀ nígbà tí a bá yan ètò tí ó rọra. A máa pọ̀ nínú gíà ìsàlẹ̀ ju ti òkè lọ. Bí a bá ká ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ọkọ̀ tí ó bá ń ṣe báyìí kò ṣàìsàn.

Àìsàn ni ó jẹ́ bí ìtagìrì náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tàbí bí kò bá dáhùn sí ètò tí a yàn. Ohun mélòó kan ni ó sì lè fà á.

Èkínní ni kílọ́ọ̀ṣì tí ó ti jẹ. Kọ̀ǹpútà ní láti mọ ibi gan-an tí àwo méjèèjì ti ń fara kan ara wọn. Bí àwo bá ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ń yí padà. Bí ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí ó wà níbẹ̀, yóò máa pa kílọ́ọ̀ṣì dé kí àkókò rẹ̀ tó tó tàbí lẹ́yìn tí ó ti kọjá. Nígbà mìíràn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ́ kọ̀ǹpútà ní ibi tuntun náà ti tó, láìpààrọ̀ ohunkóhun.

Èkejì ni òróró tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ó bá ń jò, bí ẹ̀rọ tí ń fún un bá ti rẹ̀, tàbí bí ìkòkò irin kékeré tí ń pa agbára rẹ̀ mọ́ bá ti pàdánù afẹ́fẹ́ náítírójìn inú rẹ̀, òróró náà kò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò. Awakọ̀ tí ó bá gbọ́ tí ẹ̀rọ òróró ń kùn lemọ́lemọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó má ṣe fojú kéré rẹ̀.

Ìkẹta ni àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíà jókòó lé, àti rọ́bà tí ó so àpótí gíà mọ́ ọ̀pá gígùn tí ń lọ sí ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti já tàbí tí wọ́n ti rọ̀ jù, gbígbá kékeré a di ńlá. Owó wọn kò tó ti kílọ́ọ̀ṣì rárá. Nítorí náà ọlọ́gbọ́n mẹkáníìkì a kọ́kọ́ wo wọ́n kí ó tó tú àpótí gíà.

Ìkẹrin ni àgbá wúwo tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́. Nínú irú ọkọ̀ yìí, apá méjì ni ó ní, àwọn sípíríìngì sì wà láàrin wọn tí ń gba ìjà mọ́ra. Bí sípíríìngì náà bá ti rẹ̀, àgbá náà a máa dún kókókó, ìjà tí ì bá mú a sì bọ́ sí ara ọkọ̀.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀

Púpọ̀ nínú ìrora yìí ni awakọ̀ lè mú kúrò láìná kọ́bọ̀. Bí ó bá ń fa ewé irin láti gòkè sí gíà mìíràn, kí ó ká ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí iná bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì; kí ó sì dá a padà pẹ̀lẹ́. M3 tí a ń sọ yìí ní ètò mọ́kànlá: márùn-ún fún ìgbà tí ọkọ̀ ń pààrọ̀ gíà fún ara rẹ̀, mẹ́fà fún ìgbà tí awakọ̀ ń pàṣẹ. Kí awakọ̀ yan èyí tí ó rọ̀ nínú ìgboro àti nínú òjò, kí ó sì fi èyí tí ó yára sílẹ̀ fún pápá ìje. Kí ó má ṣe fi iná mú ọkọ̀ dúró lórí òkè. Bíréèkì ni a ṣe fún un. Bí ó bá ń rọra wọ ibi tóóró, kí ó má ṣe máa fi ẹsẹ̀ ṣiyèméjì, nítorí pé níbẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ jù.

Bí wọ́n ti borí rẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni í nini lára. Fún ìgbà pípẹ́, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ asáré kò sí nínú òwe yìí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbà pé líle ni àmì agbára, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ yára gbọ́dọ̀ gba ìtagìrì mọ́ra. Ilé iṣẹ́ Ferrari mú àkókò náà wálẹ̀ dé ìdá 60 nínú 1000 nínú 430 Scuderia ní ọdún 2007. Lamborghini mú tirẹ̀ dé ìdá 50 nínú Aventador ní ọdún 2011. Síbẹ̀ ìtagìrì kò lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni ó mú un lọ, èyí ni ọ̀nà kílọ́ọ̀ṣì méjì. Adolphe Kégresse, ará Faransé, ti ronú kan ọgbọ́n yìí kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Porsche fi sínú ọkọ̀ ìje ní àwọn ọdún 1980, Volkswagen sì gbé e wọ inú ọkọ̀ ojú títì ní ọdún 2003, nínú Golf R32. Ẹni tí ó bá ti rí ènìyàn méjì tí ń gún iyán nínú odó kan ti mọ ọgbọ́n náà. Bí ọmọ odó ti ọ̀kan ti ń gòkè ni ti èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Odó kò ṣófo, ọmọ odó méjèèjì kì í sì í kọ lu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì kan mú gíà kìn-ín-ní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, tí èkejì sì mú gíà kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú gíà kejì, ìkẹta ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì kan ti ń tú sílẹ̀ ni èkejì ń mú, agbára kì í sì í dáwọ́ dúró.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé líle kì í ṣe agbára. Gbígbá tí àwọn ènìyàn ń pè ní eré kò ju agbára yíyí ẹ́ńjìnnì tí a tú dà sí ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ó dùn lára bí eré, ṣùgbọ́n ó ti pàdánù ṣáájú ohun tí ó padà wá gbà. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì méjì dé, ọkọ̀ tí kò ta gìrì náà ni ó yára jù. BMW fi í sínú M3 ní ọdún 2008. Ferrari fi í sínú California ní ọdún kan náà. Lamborghini dúró lórí kílọ́ọ̀ṣì kan nínú Aventador nítorí pé ó fúyẹ́ tí kò sì gba àyè, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 2022, kílọ́ọ̀ṣì méjì ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ tí ó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan fẹ́ràn ìtagìrì wọn, àwọn mìíràn sì ti yọ ẹ̀rọ náà kúrò, wọ́n dá ibi ìtẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì padà fún ẹsẹ̀.

Fún àwa tí a ń múra láti kọ́ àwọn ọmọdé, ẹ̀kọ́ ìṣirò kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí yóò dùn mọ́ wọn ju pípín ọsàn fún ènìyàn mẹ́fà lọ. Ẹ kọ iye gíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ojú pátákó, kí ẹ sì bi wọ́n pé: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 5000 nínú gíà ìkẹta, mélòó ni yóò máa yí bí a bá bọ́ sí ìkẹrin? Ọmọ tí ó bá rí i pé yóò sún mọ́ 3680 ti mọ ìlànà ìfiwéra. Bí ó bá tún lè sọ ibi tí 1320 tí ó kù lọ, ó ti mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń ta gìrì.